Sátidé Kan Lórí Gáàsì Èédú ní Òkè-Àdó

Kò sí iná ìjọba ní Òkè-Àdó láàárọ̀ Sátidé yẹn, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn mọ́ fún ará Ìbàdàn. Ìròyìn ibẹ̀ ni pé kí oòrùn tó wọ̀, jẹnẹrétọ̀ kan ní àgbàlá ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan nítòsí ọjà ti fi èédú ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, bẹntiróòlù tí wọ́n bù sí i kò sì ju èyí tí wọ́n fi ta á jí lọ. Mo wà níbẹ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà. Èyí tí n kò bá, mo bi àwọn tó ṣe é léèrè. Bó ṣe lọ nìyí, láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́.

5:30 ìdájí

Aránṣọ náà ti jí, ó ti fi tọ́ọ̀ṣì wo ohun tó wà nílẹ̀: aṣọ ìdúpẹ́ tí àwọn oníbàárà fẹ́ wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti gé e tán, rírán ló kù. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, iná ni gbogbo wọn ń lò. Kẹ́ẹ̀gì epo tó wà ní kọ̀rọ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Nígbà kan, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó rán ọmọ iṣẹ́ lọ sílé epo. Kó tó di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu sọ nínú ọ̀rọ̀ ìgbàjọba rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà. Nígbà tí oṣù Kẹwàá ọdún 2024 fi máa parí, ó ti lé ní 1,000 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Owó iṣẹ́ aránṣọ kò gbéra bẹ́ẹ̀. Bó bá fi owó epo lé owó aṣọ, oníbàárà á yà sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn. Bí kò bá sì fi lé e, èrè rẹ̀ á bá èéfín lọ.

Mẹkáníìkì tó ń bá a tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ló ti ń sọ fún un tipẹ́ pé, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi èédú gbìyànjú ẹ̀." Nígbà tó yá, ó gbà. "Ọ̀gá, bí kò bá ti ní jólé mọ́ wa lórí, ẹ máa gbé e bọ̀."

6:45 àárọ̀

Àpò èédú dé. Ọ̀pọ̀ èédú tí Ìbàdàn ń lò, Òkè-Ògùn ló ti ń wá: agbègbè Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Ìgbòho àti Kíṣí, níbi tí wọ́n ti ń to igi jọ, tí wọ́n ń fi koríko àti yẹ̀pẹ̀ bò ó, tí wọ́n sì ń sun ún díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé tó bó ṣe fẹ́. Sísun yẹn ló mú kí èédú bá ẹ́ńjìnnì mu ju igi lọ. Omi àti ọ̀dà wà nínú igi. Bí a bá fi igi ṣe gáàsì láìní ẹ̀rọ tó lè jó ọ̀dà náà tán, ọ̀dà á bá gáàsì wọ ẹ́ńjìnnì, á lẹ̀ mọ́ fáàfù, fáàfù á sì há. Ẹni tó sun èédú ní Òkè-Ògùn ti bá wa lé méjèèjì lọ kí àpò tó wọ ọkọ̀.

Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì náà ló jókòó ti iṣẹ́ tó dọ̀tí jù lọ́jọ́ náà. Ó fi aṣọ di imú, ó fọ́ èédú, ó sì jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: asẹ́ olójú ńlá kọ́kọ́ yọ èyí tó tóbi jù, asẹ́ olójú kékeré yọ lẹ́búlẹ́bú. Ohun tó kù láàárín ni wọ́n ń wá, hóró tó tó ekùrọ́. Bí hóró bá tóbi jù, afẹ́fẹ́ á kàn gba àárín wọn kọjá láìfara kan èédú tó. Bó bá sì jẹ́ lẹ́búlẹ́bú ló pọ̀, afẹ́fẹ́ kò ní ríbi gbà. Ọ̀gá rẹ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á padà sínú páànù. "Tẹ́tí sí i dáadáa. Èyí tó gbẹ máa ń dún. Èyí tó bá ti mumi, kì í dún."

8:00 àárọ̀

Kò sí ohun kan nínú ẹrù tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ látinú kẹ̀kẹ́ Márúwá tí a kò lè rí rà n'Íbàdàn. Àgbá irin lítà 30 kan wà tó ní ìdérí oníbóòtù. Wẹ́dà ti jó ọ̀pá irin kan mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ á máa gbà wọlé, ó sì jó òmíràn mọ́ ọn lókè, níbi tí gáàsì á máa gbà jáde. Gáàsì náà á gba inú ọ̀pá irin gígùn kan kọjá kó lè tutù, á wọ inú ike onídérí tí wọ́n kó fóòmù àti aṣọ sí láti gba eérú, kí họ́ọ̀sì tó gbé e lọ bá kabúrétọ̀. Ní ẹnu kabúrétọ̀, wọ́n so ọ̀pá ẹlẹ́nu mẹ́ta mọ́ ọn, irú èyí tí púlọ́ńbà ń lò, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣí-omi kan lórí ẹnu tó dá wà. Ẹ̀rọ yẹn ni ẹni tó ń darí iṣẹ́ fi ń wọn afẹ́fẹ́ mọ́ gáàsì. Gbogbo oríkèé ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù sílíkọ́ọ̀nù dí.

Jẹnẹrétọ̀ náà jẹ́ 2.5 kVA, ẹ́ńjìnnì fóò-sitíróòkù tó ní ọ́ìlì tirẹ̀ nínú ikùn. Mo bi mẹkáníìkì pé kí ló dé tí kò lo èyí kékeré tí gbogbo ayé mọ̀ sí "I pass my neighbour", tó wà ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ó ní inú bẹntiróòlù ni wọ́n ń po ọ́ìlì ti kékeré yẹn mọ́. Bí bẹntiróòlù bá dúró tí gáàsì gba ipò rẹ̀, ọ́ìlì náà dúró nìyẹn, irin á máa họ irin, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì kílẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá fẹ́ dán èyí wò nílé, kó fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Ohun tó gba àfiyèsí mi jù ni rọ́bà dírípù ilé ìwòsàn kan. Wọ́n dojú ìgò omi kọ́ sórí igi, rọ́bà náà sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu rẹ̀, ó sì ń kán omi sínú ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ̀kán kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tí ẹnu ọ̀pá yẹn ti kan èédú ló gbóná jù nínú gbogbo ẹ̀rọ náà, iná ibẹ̀ sì lè yọ́ irin. Bí omi bá dé ibẹ̀, ó di oru, ó sì gba lára ooru náà. Oru yẹn tún bá èédú tó pọ́n pàdé, ó fọ́ sí háídírójìn, háídírójìn sì ń jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀kán omi kan ń tu irin lára, ó sì ń fi agbára kún gáàsì. Ṣùgbọ́n bí omi bá pọ̀ jù, iná á kú, nítorí náà ọmọ iṣẹ́ kò gbé ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí róbótó tí wọ́n fi ń dín dírípù kù.

9:20 àárọ̀

Wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ sí gbangba àgbàlá, wọ́n rọ èédú kún àgbá, wọ́n sì dé e. Mẹkáníìkì so fáànù kékeré oníbátìrì kan mọ́ ibi tí gáàsì ń gbà jáde, ó tanná sí òwú tí wọ́n rẹ sínú kẹrosíìnì, ó sì gbé e sí ẹnu ọ̀pá ìsàlẹ̀. Fáànù náà fa ọwọ́ iná wọlé, èédú sì mú un. Iṣẹ́ tí ẹwìrì ń ṣe fún alágbẹ̀dẹ ni fáànù yìí ń ṣe, àyàfi pé fífà ló ń fa afẹ́fẹ́, kò fẹ́ ẹ.

Èéfín funfun ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, èéfín náà tín-ín-rín, kò sì pẹ́ tí a kò fi rí nǹkan kan mọ́. Mẹkáníìkì tún tanná sí ẹnu ọ̀pá òkè. Iná búlúù ràn níbẹ̀, kò sì kú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àgbá nìyí. Afẹ́fẹ́ tó wọlé pàdé èédú tó pọ́n, ọ́síjìn inú rẹ̀ sì jó o di kábọ̀n dàyọ́sáídì (CO₂), èyí tí kò lè jó mọ́. Ṣùgbọ́n CO₂ náà gbọ́dọ̀ gba àárín èédú yòókù kọjá kó tó jáde, èédú ọ̀hún sì ti gbóná ju 900 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, láìsí ọ́síjìn nítòsí rẹ̀. Níbẹ̀ ni CO₂ ti gba èròjà kábọ̀n kan sí i lára èédú, tó sì di kábọ̀n mọnọ́sáídì (CO). CO yìí ń jó, òun sì ni ẹ́ńjìnnì fẹ́. Bó ti wù kí ẹ̀rọ náà dára tó, CO kì í ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta gáàsì náà lọ. Náítírójìn tó bá afẹ́fẹ́ wọlé ló pọ̀ jù nínú ìyókù, òun kò sì níṣẹ́ kankan. A máa rí àbájáde èyí kí ọ̀sán tó pọ́n.

9:45 àárọ̀

Wọ́n fa okùn jẹnẹrétọ̀, bẹntiróòlù ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sì ta á jí. Wọ́n jẹ́ kó gbóná díẹ̀. Mẹkáníìkì ti epo pa, ó ṣí gáàsì, ó sì tẹ́tí. Bí epo tó kù nínú kabúrétọ̀ ti ń tán, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí kọsẹ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, aránṣọ sì jáde wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mẹkáníìkì yí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ síwá, ó yí i sẹ́yìn. Gáàsì yìí àti afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba, nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tí bẹntiróòlù ń fẹ́ pọ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ jìnnà. Nígbà tó rí ojú ibi tí wọ́n ti dọ́gba, ohùn ẹ́ńjìnnì dìde, ó sì dúró sójú kan.

"Ṣé èédú ló ń ṣe èyí?" ni aránṣọ bi í.

"Òun ni, Màmá. Epo ti parí nínú rẹ̀."

11:00 àárọ̀

Gílóòbù tàn. Ẹ̀rọ ìránṣọ àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́, èkejì ṣiṣẹ́, ẹ̀kẹta fa ohùn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ki áyọ́ọ̀nù oníná bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀, ó mí, ó kú.

Kò sí ohun tó bàjẹ́. Náítírójìn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló fà á. Gáàsì tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kò lágbára tó bẹntiróòlù, nítorí náà ẹ́ńjìnnì kan náà á pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta sí ìdajì agbára rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ mẹ́ta pa pọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ mẹ́ta àti gílóòbù nìkan ló lè gbé báyìí.

Aránṣọ ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tó kọ́ṣẹ́ jáde, ó bu èédú tí asẹ́ kọ̀ nítorí pé ó tóbi sínú rẹ̀, ó sì tanná sí i níta. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù lọ́jọ́ náà wà. Bó bá jẹ́ ooru la fẹ́, kí a gba ooru lọ́wọ́ èédú tààrà. Bí a bá sọ èédú di gáàsì, tí a sọ gáàsì di yíyí ẹ́ńjìnnì, tí a sọ yíyí di iná mànàmáná, kí a tó wá sọ iná mànàmáná padà di ooru, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ti sọnù lójú ọ̀nà. Ohun tó ń yí ni kí a fi ẹ́ńjìnnì sí.

12:40 ọ̀sán

Atẹ́gùn yí padà. Láti àárọ̀ ló ti ń fẹ́ láti ilé lọ sí ìta, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ láti ọ̀dọ̀ àgbá lọ sí fèrèsé ilé kejì, níbi tí obìnrin kan ti ń fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ. Mẹkáníìkì pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ọmọ bọ́ sí ọwọ́ iwájú ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mà rí èéfín kankan."

"Ìyẹn gan-an lẹ̀rù rẹ̀ fi ń bà mí, àǹtí. Kò ṣeé rí, kò sì lóòórùn."

CO tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ yìí ni gáàsì tó ti pa odindi ìdílé tó tan jẹnẹrétọ̀ sùn sínú ilé ní ìlú wa. Nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ oníbẹntiróòlù, àjókù ni í ṣe. Nínú àgbá èédú, òun gan-an ni ọjà tí a fẹ́, ó sì kún inú họ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ti tó láti gba ipò ọ́síjìn lára ènìyàn. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, lẹ́yìn náà oorun, ẹni tó bá sì sùn níbẹ̀ lè má jí mọ́.

Wọ́n gbé gbogbo ẹ̀rọ náà lọ sí igun àgbàlá tó dojú kọ ìta, wọ́n yẹ gbogbo oríkèé wò kí wọ́n tó tún tanná, ọmọ iṣẹ́ sì jókòó sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Kò dìde níbẹ̀ mọ́ àfi nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá gba ipò rẹ̀.

2:10 ọ̀sán

Ohùn ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀. Èédú inú àgbá ti fẹ́ tán. Wọ́n pa á, wọ́n dí ẹnu ọ̀pá ìsàlẹ̀ àti ti òkè pa, wọ́n sì dúró. A kì í ṣí ìdérí nígbà tó gbóná. Gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀, iná sì wà nísàlẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá já lù wọ́n lójijì, ó lè bú mọ́ ènìyàn lójú.

A fi ìdúró yẹn jẹun. Mo ń ro ó pé ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Ní àwọn ọdún 1920, Georges Imbert, ọmọ Faransé, ṣe àgbá tó lè sọ igi di gáàsì fún ọkọ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé tí epo sì di ọ̀wọ́n, Jámánì ní nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ọkọ̀ tó ń lo irú gáàsì yìí kí ogun tó parí, Sweden náà sì ní ju 70,000 lọ. Ní ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí Dahomey tó di Benin lónìí wà lára rẹ̀, lọ́rí ń ru àgbá èédú kiri, gazogène ni wọ́n ń pè é. Bí ogun ti parí tí bẹntiróòlù tún pọ̀, wọ́n tú àgbá kúrò lára ọkọ̀. Ní 1986, àjọ FAO ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè kó ìmọ̀ náà jọ sínú ìwé kan fún àwọn ilẹ̀ tí epo nira fún. Ìtàn náà fi hàn pé nígbà tí epo bá wọ́n nìkan ni ayé ń rántí èédú, bí epo bá sì ti rọjú, gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ á tún di ohun ìgbàgbé.

3:20 ọ̀sán

Wọ́n ṣí àgbá tó ti tutù. Mẹkáníìkì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fi ìka yẹ ẹnu ọ̀pá afẹ́fẹ́ wò. Etí rẹ̀ kan ti jẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ́. Dírípù ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Fóòmù inú ike ti dúdú kirikiri. Wọ́n gbọ̀n ọ́n dànù, wọ́n rọ èédú tuntun, wọ́n sì tún tanná. Láìpẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ tún ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù.

5:15 ìrọ̀lẹ́

Aṣọ ti parí, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Aránṣọ bi wọ́n bóyá wọ́n lè jẹ́ kó ṣiṣẹ́ di alẹ́ kó lè lo fíríìjì. Mẹkáníìkì kọ̀ jálẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú, gbogbo àdúgbò máa tó wọlé sùn, kò sì sẹ́ni tó máa jókòó tì í. Inú mi dùn sí ìdáhùn yẹn. Alẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń tan jẹnẹrétọ̀, àgbá èédú kò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí ènìyàn ti ń sùn. Ohun èlò iṣẹ́ ọ̀sán ni, ti ẹni tó wà lójúfò.

Wọ́n wọn èédú tó kù. Èyí tó jó lé díẹ̀ ní kílò méje. Mẹkáníìkì ní lítà márùn-ún bẹntiróòlù ni ẹ̀rọ náà ì bá mu fún iṣẹ́ yẹn, ìyẹn sì bá ìṣirò tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń lò mu: kílò èédú kan àbọ̀ fún lítà epo kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó lérè ládùúgbò tirẹ̀, kó wọn èédú ní kílò, kó má fi ojú wo àpò. Bí kílò kan àbọ̀ bá sún mọ́ owó lítà epo kan, má wulẹ̀ dáná, nítorí iṣẹ́ ọmọ tó ń jọ èédú náà lówó tirẹ̀.

6:30 ìrọ̀lẹ́

Owó mìíràn wà tí aránṣọ kò san. Nínú irú ààrò yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń lò, igi tó tó kílò márùn-ún sí mẹ́wàá ni wọ́n máa ń sun kí kílò èédú kan tó jáde. Èédú tó rán aṣọ ìdúpẹ́ wọ̀nyẹn ti jẹ igi tó wúwo tó ènìyàn kan. Nínú àwọn igi tí wọ́n ń gé ní Òkè-Ògùn, àyìn wà níbẹ̀, igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí náà sì wà níbẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń jẹun. Bí gbogbo aránṣọ Ìbàdàn bá yí padà sí èédú igbó lọ́la, igbó náà kò ní dúró tì wá.

Síbẹ̀, n kò gbà pé kí a pa ìmọ̀ yìí tì. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti ń fi èèpo ekùrọ́ ṣe èédú tipẹ́, òkìtì èèpo náà sì wà níbi gbogbo tí wọ́n ti ń fọ́ ekùrọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì Ìbàdàn ní wẹ́dà àti ẹ́ńjíníà tó lè ṣe àgbá tí kò ní máa jò, tí wọ́n á sì dán an wò kó tó dọ́wọ́ ará ìlú. Iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀rọ̀ igbó tó wà ní Jẹ́ríkò sì mọ igi tó ń tètè dàgbà tí a lè gbìn fún iṣẹ́ yìí. Àwọn mẹ́ta yìí kò jìnnà sí Òkè-Àdó. Ohun tí mẹkáníìkì kan fi àgbá àlòkù àti rọ́bà dírípù ṣe láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ tó kí wọ́n yà wá wò.

Aránṣọ náà ti ní kí mẹkáníìkì padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé èédú èèpo ekùrọ́ ni kó gbé wá, kó sì gbé àgbá náà jìnnà sí fèrèsé láti ìbẹ̀rẹ̀.